Ọmọ Ta Ni Yóò Kú ní Íjíbítì?

Èmi Titus Mákánjúọlá ti kọ́ ọmọ níwèé fún ọdún márùndínlógójì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo sì ti ṣe alábòójútó Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Inísà fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sí ohun tó dà mí láàmú tó bí ọdún tí mo wá òkú kan ṣoṣo káàkiri Inísà, tí mi ò rí.

Eré ni a fẹ́ ṣe. Lọ́dọọdún ni àwọn ìjọ Ìkìrun, Inísà àti Òkúkù máa ń pàdé ní Ìkìrun, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe eré kan látinú Bíbélì, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù sì gba ife-ẹ̀yẹ. Òkúkù ti gba ife náà nígbà mẹ́ta léra. Lọ́dún tó kọjá, Jónà ni wọ́n ṣe. Tapólì ni wọ́n fi ṣe ẹja, ẹja yẹn sì gbé géńdé ọkùnrin mì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Àwa ṣe Rúùtù. Nígbà tó yẹ kí Rúùtù sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé ibi tó bá lọ lòun náà yóò lọ, ojú èrò bà á lẹ́rù, ó bú sẹ́kún, ó ní òun ń lọ sílé. Àwọn ará Òkúkù fi mí rẹ́rìn-ín títí mo fi wọ mọ́tò.

Nítorí náà, lọ́dún yìí, mo ní ìyọnu mẹ́wàá tó jà ní Íjíbítì la ó ṣe. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀, idà náà wà níbẹ̀. Pásítọ̀ Adéwálé fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ yọ̀. Mẹ́tàlá nínú wọn ló fẹ́ jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́, mo sì gbà fún gbogbo wọn, torí ọ̀pọ̀lọ́ kì í ní ọ̀rọ̀ láti gbàgbé. Mo rí eṣinṣin, mo rí eéṣú, mo rí Fáráò. Fúnṣọ́, wẹ́dà tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, tó ga bí òpó iná, ni mo mú ṣe angẹ́lì ikú. Irin gidi ló fi rọ idà tirẹ̀.

Ó wá ku àkọ́bí tí yóò kú.

Mo kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn pé mo ń fẹ́ ọmọ méjì péré tí yóò dùbúlẹ̀ lórí ẹní fún ìṣẹ́jú méjì, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ariwo tó sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" "Ọmọ tèmi kọ́!" Ìyá kan gbá orí ọmọ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé Fúnṣọ́ ti fa idà yọ. Ìyàwó Pásítọ̀, tó fi ọdún mọ́kànlá wá ọmọ kí Ọlọ́run tó fún un ní Fìyìnfólúwa, dìde, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí pé Ọlọ́run ń gbọ́."

Mo ní, "Màmá, eré ni."

Ó ní, "Ikú ò mọ eré."

Mo lọ bá aládùúgbò mi, Bàbá Fábíyìí. Oníṣègùn ni, kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ló sì ń sá káàkiri inú àgbàlá rẹ̀. Mo ní kó yá mi ní ọ̀kan. Ó fi ewé tó ń ṣà sílẹ̀, ó wò mí pẹ̀lú àánú.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọrin láràárọ̀ pé Jésù ti ṣẹ́gun ikú, ẹ̀yin lẹ ń sá fún un báyìí. Ẹ wá ní kí ọmọ tèmi, tá ò kọrin kankan, lọ dúró dè é."

Mo padà sílé, mo wá ìrọ̀rí méjì. Ọ̀kan ni yóò jẹ́ àkọ́bí Fáráò, ìkejì ni yóò jẹ́ àkọ́bí ìránṣẹ́bìnrin tó ń lọ ọkà lẹ́yìn ọlọ, torí Ìwé Mímọ́ dárúkọ ọmọ tirẹ̀ náà mọ́ àwọn tó kú. Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ parí? Kò parí o. Kò sí obìnrin kan tó gbà láti jókòó ti ìrọ̀rí yẹn kó máa ké "ọmọ mi o". Fáráò jẹ́ ọkùnrin, ó lè di orí mú kó máa mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó máa sunkún lẹ́yìn ọlọ, mi ò rí i. Wọ́n ní ẹnu ẹni la fi ń pe nǹkan wọlé.

Inú bí mi délé. Abọ́sẹ̀dé ìyàwó mi ń fọ ẹ̀rọ ata rẹ̀ níwájú ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, òun ló ń lọ ata fún gbogbo àdúgbò wa. Mo ń ráhùn fún un: ìgbàgbọ́ wo ló wà nínú ìjọ tí abiyamọ kan ò lè fi ìṣẹ́jú méjì sunkún ìrọ̀rí?

Abọ́sẹ̀dé dá omi tó ń dà dúró. Ó ní, "Èmi ńkọ́?"

Mo ní, "Kí ni ìwọ ńkọ́?"

Ó ní, "Tèmi ti kú. Kò sí nǹkan tí ẹnu mi tún lè pè wọlé. Màá bá yín ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn. Abọ́sẹ̀dé, tí wọ́n sọ lórúkọ nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n bí i, ni kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìgbẹ́kẹ̀lé lorúkọ àkọ́bí wa, kò sì ní àbúrò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó fẹ́ràn láti máa ka nọ́ńbà mọ́tò. Ibà mú un lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ní àárọ̀ Sátidé, Nọ́ọ̀sì Àyàntọ́lá tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ojú ọmọ náà ti funfun jù, ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀, kí n gbé e dé Òṣogbo kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi mí jẹ alábòójútó níbi àpèjọ kan ní Òkúkù. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún Abọ́sẹ̀dé, Òṣogbo ni a ó lọ. Mo rò ó pé aago mẹ́rin ni n ó ti padà dé, pé ibà lè dúró dè mí. Mo wọ kóòtù mi, mo lọ. Ibà ò dúró.

Mi ò sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún un. Nígbà tí àwọn èèyàn wá ń kí wa pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, tí Abọ́sẹ̀dé ń bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn pé agbè ò sán, mi ò sọ. Mi ò tíì sọ títí di ọdún yìí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀kọ́ wa bọ́ sí orí àwọn ìyọnu Íjíbítì, èmi alábòójútó tuntun ni mo ń kọ́ni. Abọ́sẹ̀dé na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ìránṣẹ́bìnrin tó wà lẹ́yìn ọlọ yìí, òun kọ́ ló ní kí wọ́n mú Ísírẹ́lì lẹ́rú. Ẹrú lòun náà. Kí ni ọmọ rẹ̀ ṣe fún Ọlọ́run?" Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Mo wo aago ọwọ́ mi, mo ní àkókò ti lọ, ká dìde ká kọrin. Wọ́n dìde kọrin. Abọ́sẹ̀dé dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ sílé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdáhùn kiri. Bí mo bá gbọ́ ìwàásù kan ní Ìkìrun, tí mo rò pé ó lè ṣiṣẹ́, mo máa ń gbé e wálé kíá kó tó tutù. Mo sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ Fáráò ni. Ó ní, "Kí wọ́n mú Fáráò." Mo sọ fún un pé Ọlọ́run máa ń já òdòdó tó bá rẹwà jù sínú ọgbà tirẹ̀. Ó ní, "Ọgbà Rẹ̀ ò ní òdòdó tẹ́lẹ̀ ni?" Mo gbé Jóòbù dé, pé Ọlọ́run fún un ní ọmọ mẹ́wàá mìíràn rọ́pò àwọn tó kú. Ó pa ẹ̀rọ ata kí n lè gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Ẹ lọ bi ìyàwó Jóòbù bóyá wọ́n rọ́pò." Ó máa ń gbé oúnjẹ fún mi lẹ́yìn èyí, kì í bínú. Èmi ni mo máa ń bínú.

Ohun kan ṣoṣo tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni pé kí ìyàwó mi tún jókòó tì mí nínú ilé Rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó ní òun yóò bá mi ṣe eré, ìbẹ̀rù àti ayọ̀ mú mi pa pọ̀. Mo ní kó bá mi lọ tòmátò díẹ̀, kó fi tàtàṣé sí i kó lè pọ́n, òun la ó fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tí àwọn Hébérù kùn sára ilẹ̀kùn. Mo ní kó má fi ata gidi sí i. Ó ní òun gbọ́. Ohun tí kò sọ ni pé ata rodo oníbàárà kan ló ti ẹnu ẹ̀rọ jáde kẹ́yìn, òun kò sì tíì ráyè fọ̀ ọ́.

A dé Ìkìrun lọ́jọ́ Sátidé. Gbọ̀ngàn kún. Òkúkù ló kọ́kọ́ ṣe: Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún, ajá mẹ́rin ni wọ́n so irun òwú mọ́ lọ́rùn pé kìnnìún ni. Dáníẹ́lì ní búrẹ́dì nínú àpò, àwọn kìnnìún náà sì ń tẹ̀ lé e kiri, wọ́n ń ju ìrù. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé pé ọ̀tá ni wọ́n. Ìkìrun ṣe Sólómọ́nì. Ó kàn wá.

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ mi wọlé, wọ́n fò, ìlú pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọ̀, wọn ò jáde mọ́. Ọ̀kan fò bọ́ sórí ẹsẹ̀ adájọ́ àgbà, Alàgbà Ògúnjọbí, tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, ó jókòó síbẹ̀ títí eṣinṣin fi dé. Gbogbo rẹ̀ ṣì ń dùn.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Fìyìnfólúwa ọmọ Pásítọ̀, tó ti yọ́ tẹ̀ lé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ wọbẹ̀, ń ké pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jókòó síwájú láàárín èrò. Abọ́sẹ̀dé ṣe ohun tí obìnrin èyíkéyìí máa ṣe: ó gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n, ó fi ọ̀já dì í, ó ń mì í. Ọmọ sùn. Nígbà tí mo pe ìránṣẹ́bìnrin pé ó yá, ó jáde síta bẹ́ẹ̀, ó jókòó ti ọlọ àti ìrọ̀rí. Nínú wàhálà eéṣú tí mò ń kó jọ, mi ò rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Angẹ́lì wọlé. Fúnṣọ́ fi idà kan ìrọ̀rí Fáráò, Fáráò di orí mú. Ó dé ilé Hébérù, ó rí pupa lára ilẹ̀kùn, ó tẹrí ba, ó ré e kọjá. Ó wá kọjú sí ẹ̀yìn ọlọ. Níbí ni ó yẹ kí Abọ́sẹ̀dé ké.

Kò ké. Mo yọ orí láti ẹ̀yìn aṣọ, mo ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Sunkún! Sunkún!" Ó ń wo Fúnṣọ́ bó ṣe ń bọ̀. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀, níbi tí ọmọ náà ti ń mí. Ó dìde. Ó gba iwájú angẹ́lì kọjá lọ sí ilé Hébérù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi," ó gba igbá ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ onílé, ó padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ kun ilẹ̀kùn tirẹ̀, lókè, lápá ọ̀tún, lápá òsì.

Bó ṣe kẹ̀yìn sí èrò ni ìyàwó Pásítọ̀ rí orí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Igbe tó ké, ó dé ìlú Ìbà. "Fìyìn! Ta ló gbé ọmọ mi lọ sí Íjíbítì?" Ó ti fo àga méjì kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀.

Fúnṣọ́ dúró sójú kan, idà lókè. Ohun tí mo kọ́ ọ ni pé bó bá rí pupa, kó kọjá. Ó bojú wẹ̀yìn wá mi. "Tíṣà," ó pariwo, "ó ti kùn ún o! Ṣé kí n kọjá ni?" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn láti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ náà tútù, ó sì fi ọwọ́ kan náà nu òógùn ojú. Áà, ata rodo! Idà bọ́. "Ojú mi o! Omi o!" Angẹ́lì ikú sá jáde ní Íjíbítì, ó ń sín, ó ń kọlu ọ̀pọ̀lọ́, ó ń wá ibi tí ẹ̀rọ omi wà.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, tí ìyàwó Pásítọ̀ ti gba ọmọ rẹ̀, tó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, Alàgbà Ògúnjọbí yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ti ka ìyẹn nínú Bíbélì?"

Abọ́sẹ̀dé ṣì di igbá mú. Ó ní, "Mi ò kà á, sà. Ohun tí mo kà ni pé kí àwọn Hébérù tó lọ, obìnrin wọn lọ bá àwọn aládùúgbò wọn ará Íjíbítì, wọ́n tọrọ wúrà àti fàdákà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mọ ọ̀nà ilé ara wọn nìyẹn. Ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn mi láti tọrọ yẹtí, kí ló dé tí kò lè sọ pé, 'Ìyá, ikú ń bọ̀ lónìí, ẹ wá bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀'? Ọ̀rọ̀ tí mo bá Ọlọ́run sọ ṣì wà nílẹ̀, sà, mi ò tíì gba ìdáhùn. Ṣùgbọ́n èèyàn kan mọ̀, kò sọ. Ìyẹn ńkọ́?"

Ó jọ pé gbogbo gbọ̀ngàn ń wo adájọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé èmi ló yẹ kí wọ́n máa wò. Mo fa orí padà sẹ́yìn aṣọ ìkélé, bíi Rúùtù wa tó fẹ́ sá lọ sílé.

Òkúkù gba ife lẹ́ẹ̀kẹrin. Àwa la gbé ipò kẹta nínú ìjọ mẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé máàkì wa pé a yí Ìwé Mímọ́ padà, pé a sì fi ata ṣe angẹ́lì léṣe.

Àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì. Èmi àti Abọ́sẹ̀dé wà nínú mọ́tò mi, ọlọ àti ìrọ̀rí wà lẹ́yìn. A ò tíì jìnnà sí Ìkìrun tí mo fi yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo pa mọ́tò. Ó rò pé epo ló tán.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì Àyàntọ́lá sọ fún mi."

Mo ń bá a lọ.

"Ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Ó ní kí n gbé Ìgbẹ́kẹ̀lé lọ sí Òṣogbo kó tó dọ̀sán. Mi ò sọ fún ọ, torí mo fẹ́ lọ gba oyè alábòójútó ní Òkúkù. Èmi ni mo mọ̀ tí mi ò sọ."

Abọ́sẹ̀dé ń fi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ nu ata kúrò lọ́wọ́, ìka kan lẹ́yìn ìka kan. Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Òun náà ni. Lọ́jọ́ kẹjọ tó wá kí mi. Ó rò pé ẹ ti sọ fún mi, ó wá ń bi mí pé kí ló dé tá ò lọ."

Mo wò ó. "Ọdún mẹ́rìndínlógún lo fi mọ̀, o sì ń se ọbẹ̀ fún mi?"

"Ọbẹ̀ ò ṣẹ̀ mí," ló wí. Ó wá yíjú sí mi. "Gbogbo ìdáhùn tẹ́ ẹ máa ń kó wálé, Ọlọ́run lẹ ń gbà sílẹ̀. Mo ń gbọ́. Mo ń retí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé orí tiyín."

Ẹkún ló gbà mí. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo gbé orí lé stíárìn, mo sunkún ọmọ mi bí mi ò ṣe sunkún rẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín. Kò fi ọwọ́ kàn mí. Kò sì sọ pé kí n dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó fún mi ní ìnujú kan, mo nù ún, ata tó wà lára rẹ̀ sì wọ̀ mí lójú, mo ké. Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú tirẹ̀ náà, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín di ẹkún lọ́dọ̀ rẹ̀. A jókòó síbẹ̀, bọ́ọ̀sì àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kọjá lára wa, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń juwọ́.

Ó ní, "Ẹ ti dáhùn tiyín. Ó ku ti Ọlọ́run. Màá bá yín lọ lọ́la, kí n lọ bi Òun náà nínú ilé Rẹ̀."

Mo ṣí ẹnu láti sọ pé ọ̀nà Ọlọ́run ga ju ọ̀nà wa lọ. Abọ́sẹ̀dé wò mí. Mo pa ẹnu dé, mo tan mọ́tò, mi ò sì gbèjà Ọlọ́run mọ́ títí a fi dé Inísà.